Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Níbo Ni Ògbufọ̀ Àwọn Adití Wà n'Ìbàdàn?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn: adití wà, ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ wà, ẹni tó máa dúró sáàárín wọn ni kò sí. Ó dùn wá, torí Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ àwọn adití. Ọdún 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ nílùú yìí. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ sì wà nídìí irú iṣẹ́ yìí láti 1977. Àmọ́ olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ jù níbẹ̀. Olùkọ́ tó mọ èdè ọwọ́ kò tíì di ògbufọ̀, bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ṣàdéédéé di ògbufọ̀ kóòtù. Ibẹ̀ ni àìtó náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin jẹ́ adití, oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló máa ń bá a gbufọ̀ ní ọsibítù torí pé ọwọ́ tèmi kò yá. Nọ́ọ̀sì ní òun ò fẹ́ rí ọmọdé níbẹ̀ mọ́. Kí ni ká ṣe?
— Ìyá kan, Mọníyà

Màmá, ẹ kú àmójútó. Ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì yẹn, òótọ́ ló sọ. Ọmọdé máa ń fo ohun tí kò yé e, ó sì máa ń fo ohun tó bà á lẹ́rù. Bí dókítà bá ní ẹ̀jẹ̀ ń ru, tó wá ṣàlàyé pé bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú sì ń ṣú ọ, sáré wá lóru tàbí lọ́sàn-án, ohun tí ọmọ yẹn máa fi ọwọ́ sọ lè má ju “orí fífọ́, oògùn” lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò ní fẹ́ dáhùn ìbéèrè nípa ibálòpọ̀ níwájú rẹ̀. Ta ló sì fẹ́ gbé e lé ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ pé kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọmọ inú kò yíra mọ́?

Oṣù mẹ́rin ló kù, ó tó yín í ṣètò. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó wà nídìí kílíníìkì aboyún. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ọjọ́ kílíníìkì rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n ní yóò bí, kẹ́ ẹ sì là á pé èdè ọwọ́ ló ń sọ, ògbufọ̀ ló sì nílò. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ mú lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbà á padà. Òfin wà lẹ́yìn yín: òfin tó ka yíyà akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, ní kí ọsibítù ìjọba pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ má fi halẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì. Òun kọ́ ló ń pín owó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn adití, Nigerian National Association of the Deaf, ẹ̀ka ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ ní ògbufọ̀ obìnrin méjì lẹ fẹ́, kì í ṣe ẹyọ kan, torí ìrọbí kì í wo aago. Ẹni tó ń gbé Ring Road kò lè tètè dé Mọníyà lágogo méjì òru. Kí ọmọ yín ti mọ àwọn méjèèjì kó tó dọjọ́ náà, kó sì jẹ́ pé òun ló yàn wọ́n. Bó bá ní lágbájá kì í pa àṣírí mọ́, ẹ gbà fún un. Àwọn adití ìlú kan kò pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnì kan kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ẹ fi bírò pupa kọ ADITÍ sí iwájú káàdì rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń pè ní kílíníìkì. Ẹni tí kò dáhùn, wọ́n á gbé káàdì rẹ̀ sísàlẹ̀, á sì jókòó títí ọ̀sán á fi pọ́n. Kí ẹni tó ń pe orúkọ mọ̀ ọ́n lójú, kó sì fọwọ́ kàn án léjìká.

Ti yàrá ìbímọ ló wá ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ omi sí ọwọ́ tí ọmọ yín fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe àmì, òsì ni kí wọ́n gún. Bí wọ́n bá ti gún ọ̀tún, tí wọ́n fi báńdéèjì dè é mọ́ páálí kó má baà yẹ̀, wọ́n ti di ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n má paná yàrá. Bí kò bá séwu, kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ já ìbòmú sílẹ̀, torí ojú àti ẹnu wà lára èdè náà. Bó bá di iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn tí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀, kí ògbufọ̀ dúró síhà orí rẹ̀ níbi tí aṣọ tí wọ́n ta kò ti ní bò ó, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún un láìdè. Kí ọmọ yín àti agbẹ̀bí ti jọ kọ́ àmì mẹ́rin ṣáájú: ti ọmọ jáde, dúró, mí, ibo ló ń dùn ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n máa fi kọ́ ọ.

Ìbéèrè: Ìwé lèmi máa ń kọ fún àwọn adití tó bá wá. Wọ́n á kà á, wọ́n á mi orí. Ṣé ìyẹn kò tó ni?
— Nọ́ọ̀sì, Agodi

Kò tó. Ọ̀pọ̀ adití ti kọ́ ọ láti kékeré pé bí wọ́n bá ti mi orí, ẹni tó ń gbọ́ràn á fi wọ́n sílẹ̀ ní àlàáfíà. Orí mímì yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yé wọn.

Èdè ọwọ́ ni èdè wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń kọ, èdè kejì ló jẹ́, inú ìwé nìkan ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Ti Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀, torí a kì í sáábà fi àmì sí i. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé “oko” tí ẹ kọ yẹn, ọkọ rẹ̀ lẹ ní lọ́kàn tàbí ọkọ̀ tó gbé e wá? Àwọn kan á ní, ó lè wo ẹnu mi. Ẹ dúró níwájú dígí, kẹ́ ẹ pe bàbá, kẹ́ ẹ wá pe màmá. Ètè kò yàtọ̀ rárá. Ẹ pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun la ti ń gbé ohùn sókè tàbí wálẹ̀, ojú kò sì lè rí inú ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi nira láti kà lẹ́nu.

Bí kò bá sí ògbufọ̀ nítòsí, tí ọ̀rọ̀ kò sì lè dúró, ẹ kọ gbólóhùn kúkúrú, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa yàwòrán. Ẹ má kọ “2 tds”, ìyẹn hóró méjì nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ ya oòrùn tó ń yọ, oòrùn ọ̀sán gangan, àti òṣùpá, kẹ́ ẹ ya hóró méjì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí aláìsàn wá fi oògùn gan-an hàn yín bó ṣe máa lò ó. Àṣìṣe tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni kí ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ di hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ bíi positive. Adití tó ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ohun tó dára. Ẹ lè kọ HIV positive fún un kó fi ìdùnnú lọ sílé. Ẹ kọ ọ́ pé kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìwé dára fún ọjọ́, àdírẹ́sì àti iye owó. Bó bá ti kan iṣẹ́ abẹ, àrùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, tàbí ìwé tí aláìsàn máa buwọ́ lù, ẹ pe ògbufọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé “odi” la máa ń pè wọ́n ni àbí “adití”?
— Òǹkàwé, Òjé

Adití. Etí ni kò gbọ́. Ohùn wọn kò ní àléébù, èdè ni wọ́n sì ń sọ. “Odi” máa ń dùn wọ́n.

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbufọ̀ fún àwọn adití ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní báyìí wọ́n ti ń pè mí sí ọsibítù àti kóòtù. Ṣé mo kúnjú ìwọ̀n?
— Arákùnrin kan, Challenge

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìwọ̀nba ògbufọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ì bá kéré jù báyìí lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà kan lọ̀rọ̀ ń gbà: pásítọ̀ ń sọ, ẹ̀ ń fi ọwọ́ gbé e. Ẹ ti mọ Bíbélì, ẹ mọ ibi tí ìwàásù ń lọ kó tó débẹ̀. Bí gbólóhùn kan bá fò yín ru, òmíràn ń bọ̀. Ní ọsibítù, adití ló máa sọ̀rọ̀ jù, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Èyí ló ń mú ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lómi, torí ọwọ́ wọn já fáfá ṣùgbọ́n ojú wọn kò tíì mọ èdè náà í kà. Ẹ dán ara yín wò: kí adití àgbàlagbà kan tí ẹ kò mọ̀ rí fi fóònù ká fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún nípa àìsàn tó ṣe é rí. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdá a dúró, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀. Ẹ wá jókòó pẹ̀lú adití náà àti ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bíi mẹ́rin bá ti sọnù, ẹ kò tíì ṣe tán fún ọsibítù. Ti kóòtù ṣì jìnnà.

Ẹ fi adití méjì tàbí mẹ́ta ṣe olùkọ́, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀ka kan lẹ́ẹ̀kan. Ká ní aboyún lẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ kó nǹkan bí ogójì ọ̀rọ̀ jọ, láti ẹ̀jẹ̀ ríru dé ibi ọmọ, kẹ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kò ní àmì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má dá àmì sílẹ̀ fúnra yín. Ẹ ṣàlàyé nǹkan náà pẹ̀lú ọwọ́, ibi tó wà lára, ohun tó ń ṣe. Ẹ má gbára lé fífi ìka pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà-lẹ́tà, torí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n torí pé ẹ pè é. Kódà fún orúkọ, lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ni ìka ń pè. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀, Ṣadé àti Sade á rí bákan náà. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Adití kan tún wà tí ẹ máa bá pàdé tí kò lọ ilé-ìwé rí, tó dàgbà sí abúlé níhà Àkànràn tàbí Ìjàyè, tó jẹ́ àmì ilé wọn nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ yín kò ní yé e bó ti wù kó dáa tó. Adití tó já fáfá ni kẹ́ ẹ mú dání: dókítà á sọ fún yín, ẹ̀yin á sọ fún un, òun á wá fi àwòrán, ìṣe àti ojú gbé e dé ọ̀dọ̀ adití ará abúlé yẹn. Àkókò tó ń gbà máa ń tó ìlọ́po méjì, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú.

Bí adití bá ní “inú ń run mí”, “inú ń run mí” ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má sọ pé “ó ní inú ń run òun”. Bó bá bú dókítà, ẹ gbé èébú náà bó ṣe rí. Ẹ má dáhùn fún un, ẹ má gbà á nímọ̀ràn, ẹ má gbàdúrà fún un níwájú dókítà. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ kò gbọdọ̀ dé etí pásítọ̀, kódà bó bá jẹ́ pásítọ̀ ló rán yín lọ. Bí iṣẹ́ bá sì ju agbára yín lọ, ẹ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Association of Sign Language Interpreters of Nigeria ni ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, torí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kì í rí ẹni tọ́ àṣìṣe rẹ̀ sọ́nà.

Ìbéèrè: Adití ni mí, mo wà ní yunifásítì. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé mi láti agogo mẹ́jọ dé mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, mi ò lóye ohun tó ń sọ mọ́. Ṣé mò ń béèrè jù ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbọ̀wọ́

O ò béèrè jù rárá. Ọpọlọ ògbufọ̀ máa ń rẹ̀ ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àṣìṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òun alára kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ògbufọ̀ méjì fi máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í sinmi o. Ó ń gbọ́, ó sì ń ju ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó ń dá a ṣe lójoojúmọ́ fún wákàtí mẹ́jọ, ọrùn ọwọ́ àti èjìká rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá ti di àìsàn, ìwọ náà ti pàdánù rẹ̀.

Kí ẹ̀ka yín tó wá ẹnìkejì, ẹ jọ jókòó sídìí tàìmù-tébù. Iṣẹ́ tí ìwọ lè fi ojú rí, bíi lábù, lè má nílò ògbufọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kíláàsì tí àwọn èèyàn ti ń jiyàn nílò rẹ̀ gan-an. Bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fún ògbufọ̀ ní nóòtì ní ọjọ́ méjì ṣáájú; ọ̀rọ̀ tó ti rí tẹ́lẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́ tó èyí tó já lù ú. Wá ọmọ kíláàsì méjì tí wọ́n á máa kọ nóòtì fún ọ, torí ojú rẹ kò lè wà lára ògbufọ̀ kó tún wà lórí ìwé. Live Transcribe ti Google lórí fóònù lè gbé Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ ń sọ jáde, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi orúkọ èèyàn kọ, ariwo sì máa ń dà á láàmú.

Ìbéèrè: Irú aṣọ wo ni ògbufọ̀ ń wọ̀? Mo fẹ́ràn àdìrẹ.
— Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá

Fi àdìrẹ àti ànkárá sílẹ̀ fún ọjọ́ tí o kò ṣiṣẹ́. Ojú adití wà lára ọwọ́ rẹ fún wákàtí gígùn, iṣẹ́ ọnà ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn á sì sú u. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa máa ń wọ aṣọ àwọ̀ kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ ara lọ, bí aláwọ̀ ewé fífúyẹ́ tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run. Kò gbọdọ̀ sí òrùka tó ń dán, ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí èékánná gígùn aláràbarà.

Ìbéèrè: Ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ adití nítorí ìjà. Wọ́n ní kó kọ sítétímẹ́ǹtì, kò mọ̀wé. Ẹni tó fẹjọ́ sùn ló ní òun á gbufọ̀ fún un.
— Àbúrò rẹ̀, Ìyànà Ọffà

Ẹ má gbà. Ẹni tó fẹjọ́ sùn kò lè ṣe ẹnu ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀yin náà tí ẹ jẹ́ ẹbí kò yẹ níbẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999, abala 35, ní kí wọ́n fi ìdí tí wọ́n fi mú un tó o létí láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Abala 36 sì ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbẹ́jọ́ rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ fi sùúrù sọ fún ọ̀gá tó wà lórí àga pé kí wọ́n má ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n dè sẹ́yìn, ahọ́n tí wọ́n gé ni. Bó bá di dandan, iwájú ni kó wà. Ìkejì, kò gbọdọ̀ tẹ̀ka sí ìwé kankan kí ògbufọ̀ tó dé. Bí ó bá dé, tí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀, kí ògbufọ̀ fi ọwọ́ sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ padà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, kó buwọ́ lù ú pé òun lòun gbufọ̀.

Bó bá dé kóòtù, kí lọ́yà yín ti kọ̀wé sí akọ̀wé kóòtù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Òfin ẹ̀rí 2011, abala 176, gba ẹlẹ́rìí tí kò lè fọhùn láyè láti fi àmì jẹ́rìí níwájú ilé ẹjọ́, ẹ̀rí ẹnu ni òfin sì kà á sí. Ògbufọ̀ á búra kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tí a fẹ́ kí lọ́yà yín tẹnu mọ́ ni kí wọ́n ká fídíò ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tó ń wọ ìwé adájọ́ kò ju ohùn ògbufọ̀ lọ. Bí ògbufọ̀ bá ṣì í gbọ́, kò sí nǹkan kan tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn máa fi mọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀dọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wá, a fẹ́ dá kíláàsì èdè ọwọ́ sílẹ̀ kí ògbufọ̀ lè pọ̀. YouTube la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.
— Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Àpẹtẹ

Inú wa dùn. Ẹ fi YouTube sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá ṣèèṣì bọ́ sí ti àwọn ará Brítéènì, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń pe lẹ́tà, ọwọ́ kan ni tiwa. Lóòótọ́, ìpìlẹ̀ tiwa wá láti Amẹ́ríkà nípasẹ̀ Foster, àmọ́ àwọn adití wa ti yí i padà, wọ́n sì ti fi tiwọn kún un. Ẹ kò ní rí àmì Dùgbẹ̀ tàbí àmàlà níbẹ̀. Fídíò kò sì lè rí ọwọ́ yín kó tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ wá adití tó mọ̀ọ̀yàn kọ́, kẹ́ ẹ sanwó fún un. Ẹ pín ara yín sí méjì, mẹ́jọ àti méje, kẹ́ ẹ jókòó bí òṣùpá ìlàjì kí gbogbo yín lè máa rí ọwọ́ ara yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá: wákàtí 48 nìyẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti pa ẹnu mọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ní dí kíláàsì yín lọ́wọ́, àmọ́ bí iná bá lọ, ìparí rẹ̀ nìyẹn, torí náà ẹ ní gílóòbù alágbára tó ń gba iná sára, kẹ́ ẹ gbé e sí iwájú olùkọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ máa sọ ojú rẹ̀ di òjìji.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojú ni kẹ́ ẹ kọ́, kó tó di pé ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ. “O ti jẹun” àti “ṣé o ti jẹun?” lè jẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́, irun òkè ojú tó gbéra sókè ló sọ ìkejì di ìbéèrè. Bó bá jẹ́ ta ni, kí ni tàbí níbo, ojú á rún pọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà, owó, àkókò, ẹbí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí kálukú máa sọ ìtàn kúkúrú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn adití níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ télọ̀, ọ̀dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí irun. Ìdánwò ìparí ni kẹ́ ẹ bá adití tí ẹ kò rí rí sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ kárùn-ún ni àwọn kan máa ń sá, nígbà tí ìka bá ń yára tí ojú kò sì bá a. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú. Àwọn mìíràn á máa to àmì lé ara wọn bí a ṣe ń to Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fi bí èdè náà ṣe ń gbé ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú hàn yín. Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan parí wákàtí 48 kó ní òun ti di ògbufọ̀. Ìkíni, ọjà àti ìrànlọ́wọ́ ojú pópó ni wákàtí yẹn tó fún. Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ di ògbufọ̀ yẹ kó ti bá adití jẹ, kó ti bá wọn mu, fún ọdún méjì ó kéré tán, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an. Nínú ẹ̀yin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bóyá méjì tàbí mẹ́ta ló máa dé ibẹ̀. Àwọn yòókù kò ṣòfò o. Akọ̀wé báńkì tó lè fi ọwọ́ béèrè nọ́ńbà àkántì, olùkọ́ tó lè bá ọmọ rẹ̀ wí, òbí tó lè bá ọmọ rẹ̀ rojọ́, kò sí èyí tó tún máa nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn mọ́. Ẹ pe àwọn òbí sí kíláàsì náà: ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ọmọ adití 100, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé òbí wọn ń gbọ́ràn, irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í sì í mọ èdè ọwọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ògbufọ̀ lè bá wa ṣe é lórí WhatsApp láìwá?
— Dókítà, Olúyọ̀lé

Ó lè ṣe é fún ọ̀rọ̀ kúkúrú, bí àbájáde àyẹ̀wò tàbí ọjọ́ tí aláìsàn máa padà wá. Ẹ gbé fóònù ka orí nǹkan, ẹ má fi dání. Ọwọ́ á gbọ̀n. Kó gba láti orí dé ìbàdí aláìsàn, kí fèrèsé má sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fa, àmì á gé sí méjì, ìtumọ̀ á sì yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Kò wúlò fún ẹni tó ń rọbí, ọmọdé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.

Ìbéèrè: Ìpàdé ọdọọdún wa máa gba wákàtí mẹ́fà, adití mẹ́jọ ń bọ̀. Ògbufọ̀ tí a rí ní kí á sanwó. A rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni.
— Akọ̀wé ẹgbẹ́, Bódìjà

Ẹ sanwó fún un. Ẹni tó fún yín ní máíkì, ẹ ń san tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tó mọ èdè ọwọ́ ń lọ sí báńkì tàbí kó máa tajà torí pé ọpẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń san án, bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ á ṣe máa dín kù lọ́dọọdún.

Wákàtí mẹ́fà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Méjì ni ó kéré tán, mẹ́ta ló dára. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ ka àkókò láti ìgbà tí wọ́n bá kúrò nílé, kí owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹ bá yẹ ìpàdé nígbà tó ku wákàtí 48, ẹ máa san ìdajì. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi ètò, orúkọ àwọn olùbánisọ̀rọ̀ àti orin tí ẹ máa kọ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn adití mẹ́jọ á jókòó síwájú pa pọ̀, ògbufọ̀ á wà lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ paná kẹ́ ẹ lè fi àwòrán hàn lára ògiri, ẹ fi iná kékeré kan sílẹ̀ lórí ọwọ́ ògbufọ̀. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá ní “ẹ wo èyí”, kó dákẹ́ kó ka ení dé àrún, torí adití kò lè wo àwòrán kó tún wo ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé owó wọn sí àkántì kí wọ́n tó kúrò ní gbọ̀ngán. Bí owó yín bá tó ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ mú apá tó kan àwọn adití yẹn jù, bí ìbò àti ìròyìn owó, ẹ fi sí wákàtí kan, kẹ́ ẹ fún ògbufọ̀ ní ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ìyókù sínú ìwé fún wọn kí wọ́n tó wá.